Bí Àwẹ̀ró Ọmọ Apẹja Ṣe Ra Bàálù

Ìkánjú ní ẹsẹ̀, kò ní apá;
Sùúrù ló mọ ojú ọ̀run í fò;
Ẹyẹ tí yóò re ọ̀nà jíjìn a kọ́kọ́ fi ẹnu tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe;
Àwọn ló dífá fún Àwẹ̀ró, ọmọ apẹja Etíyanrìn,
Ní ọjọ́ tí ó ń lọ ra bàálù àkọ́rà,
Tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbélẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ. N kò ní dárúkọ odù tó jáde sí obìnrin náà. Òun ló ni í, kò sì yọ̀ǹda kí n gbé e síta. Ìtàn rẹ̀ ni ó ní kí n máa sọ, kí ẹni tó ń kánjú lè gbọ́.

Etíyanrìn jẹ́ ìletò kan láàárín ọ̀sà. Omi ló yí i ká. Orí òpó ni ilé wọn wà, ẹja pípa sì ni iṣẹ́ wọn. Bí àìsàn tó le bá kọ lu ẹnikẹ́ni níbẹ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Bí wọ́n bá ṣí ní ìdájí, ọ̀sán gangan ni wọn yóò tó dé Òkè-Ìbúdó, níbi tí ilé ìwòsàn wà. Bí atẹ́gùn bá kọjú sí wọn, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ojú ọ̀nà yìí ni bàbá Àwẹ̀ró kú sí. Ó ń tú àwọ̀n tó lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì bá ta kìjí, ó sì gé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ náà, wọ́n gbéra. Àwẹ̀ró jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Orí itan rẹ̀ ni orí bàbá rẹ̀ wà. Wọ́n ti ń rí òrùlé ilé ìwòsàn lókèèrè kí bàbá náà tó dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, Àwẹ̀ró sọ fún ìyá rẹ̀, Efúnyẹmí, pé, “Ìyá mi, èmi yóò wá ohun tó yá ju ọkọ̀ lọ wá sí ìletò yìí. Bí ó bá gba gbogbo ọjọ́ ayé mi, n ó wá a.”

Efúnyẹmí fi gèlè bojú. Ẹkún ni ó ń sun.

Àwẹ̀ró lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ti ìhà ọ̀sà lọ. Ògúnmọ́dẹdé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìletò kejì ni. Wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n rí iṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ ńlá kan. Bàálù tí ń fọ́n oògùn sórí ọ̀pẹ ni wọ́n ń wà. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n lò níbẹ̀. Bàálù ẹni tó ni oko ni, kì í ṣe tiwọn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọn a fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Àwẹ̀ró ń tọ́jú owó. Ọdún dé, kò ra aṣọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́lé, òun ń háyà yàrá kan. Nígbà tí owó náà tó ra bàálù kékeré kan, èyí tí ẹlòmíràn ti lò, ó sọ fún Ògúnmọ́dẹdé. Inú Ògúnmọ́dẹdé dùn. Ó ní owó tòun náà ti pé.

Àwẹ̀ró mọ irú èyí tó ń wá. Bàálù ènìyàn mẹ́rin ni, èyí tí wọ́n lè yọ ìjókòó méjì nínú rẹ̀ kí aláìsàn lè rí ibi dùbúlẹ̀ sí. Ó fẹ́ kí apá rẹ̀ wà lókè, kí koríko má baà máa gbá a. Ó fẹ́ kí táyà rẹ̀ fẹ̀, nítorí pé bí omi bá fà ní Etíyanrìn, yanrìn gígùn kan a yọ síta tó le bí ilẹ̀ ilé, ibẹ̀ ni yóò sì máa bà sí. Ó sì fẹ́ èyí tí kì í mu epo bí ọ̀mùtí.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà á. Bàálù tí ó ń wà láti ìgbà yìí wá, ẹlòmíràn ló yàn án, ẹlòmíràn ló ń tún un ṣe. Kò yan ọ̀kan rí. Bí ó bá ṣi èyí yàn, kò tún sí ọdún méjìdínlógún mìíràn níwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi lọ béèrè lọ́wọ́ Ifá. Ògúnmọ́dẹdé tẹ̀ lé e.

Àwọn awo ní ire ń bọ̀, ṣùgbọ́n ire náà wọ aṣọ tó gbó. Wọ́n ní ibi náà ń bọ̀, aṣọ tuntun ló wọ̀. Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró fi ẹyẹlé méjì rúbọ. Wọ́n ní kí ó se oúnjẹ lọ sí pápá tí bàálù ń bà sí, kí ó bọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó má sì dìde títí ẹni ìkẹyìn yóò fi jẹun tán. Wọ́n ní ohun tí ojú rẹ̀ bá fẹ́ràn, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí ó ti ọwọ́ bọ ikùn ohun tí ó bá fẹ́ rà kí ó tó mú un relé.

Ẹbọ kan náà ni wọ́n yàn fún Ògúnmọ́dẹdé.

Bí wọ́n ti ń bọ̀ lọ́nà, Ògúnmọ́dẹdé ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwẹ̀ró, a ti ń wa bàálù kí irun orí wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Kí ni ẹyẹlé fẹ́ kọ́ wa nípa fífò?”

Àwẹ̀ró ní, “Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wà á. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni n ó ṣe.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbọ́ pé oníṣòwò kan gbé bàálù kékeré kan wá sí pápá Òkè-Ìbúdó láti tà. Àwẹ̀ró kò tíì rúbọ, ṣùgbọ́n ó ní kí òun kàn lọ wò ó. Àwọn méjèèjì jọ lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn, bàálù náà dára! Funfun ni, ó ní ìlà pupa kan láti imú dé ìrù. Awọ rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ ń dán débi pé Àwẹ̀ró rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Apá rẹ̀ wà lókè, táyà rẹ̀ fẹ̀. Iye tí wọ́n pè é kò tó iye tí Àwẹ̀ró ti múra sílẹ̀ fún. Ó fi ọwọ́ kan apá rẹ̀. Ó ti ń rí ara rẹ̀ tó ń bà sórí yanrìn, tí ìyá rẹ̀ dúró lẹ́bàá omi.

Oníṣòwò náà ní, “Màdáàmú, ẹ má jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o. Ẹni mẹ́ta ló ń bọ̀ wá wò ó lọ́la.”

Àwẹ̀ró ní, “Ṣé ẹ lè tú ikùn rẹ̀ kí n wò ó?”

“Háà! Ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Bí a bá tú u, ṣé kò ní bó?”

“Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń kọ gbogbo àtúnṣe rẹ̀ sí?”

“Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Yóò fi ránṣẹ́. Kí ni ẹ fẹ́ fi ìwé ṣe nígbà tí ẹ ń fi ojú yín rí i?”

Àwẹ̀ró dúró. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàálù wà níwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó tún wò ó. Ó rántí pé ojú rẹ̀ ti fẹ́ràn nǹkan yìí, àti pé òní ni. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀.

Ògúnmọ́dẹdé pè é. “Àwẹ̀ró! Bí o kò bá rà á, èmi ó rà á o.”

Àwẹ̀ró yíjú padà. “Bí ọkàn rẹ bá gbà á, rà á. Ṣùgbọ́n rúbọ ná, kí o sì tú u wò.”

Ògúnmọ́dẹdé ní, “Ẹni tó ń ta bàálù kò béèrè ẹyẹlé lọ́wọ́ mi.”

Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti sanwó. Ó wọ inú rẹ̀, ó gbé e gòkè, ó yí po lórí pápá lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì kọjú sí ọ̀sà. Àwẹ̀ró dúró títí ìró rẹ̀ fi kú lójú ọ̀run. Nígbà náà ni omi ojú rẹ̀ bọ́. Ó rò ó pé bóyá òmùgọ̀ ni òun.

Síbẹ̀ ó rúbọ.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n ti fi ẹyẹlé rú ẹbọ rẹ̀ tán, ó se ìrẹsì, ó se ọbẹ̀ ẹja, ó sì dín dòdò kún un. Ó gbé e lọ sí pápá bàálù, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúntù kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú fún wọn. Àwọn agbálẹ̀ wá. Àwọn tó ń rọ epo sí bàálù wá. Àwọn ọlọ́dẹ ẹnu géètì wá. Wọ́n ń bi ara wọn pé, “Ìkómọ ni, àbí ìṣílé?” Àwẹ̀ró ń rẹ́rìn-ín, ó ń bu oúnjẹ.

Wọ́n jẹun tán, wọ́n ń túká. Ìdí ìkòkò ló kù. Àwẹ̀ró fẹ́ dìde, ni ó bá rí bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pápá. Ó tún jókòó. Bàbá Akínṣìkú ni wọ́n ń pe arúgbó náà. Ogójì ọdún ni ó fi tún bàálù ṣe kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n ní ó ti tó oṣù kan tó ti wá sí pápá náà gbẹ̀yìn. Àwọn kan ní Èṣù Ọ̀dàrà ló lọ kàn án nílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, nítorí Èṣù kì í jẹ ẹbọ ẹni kó má ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó wá, oúnjẹ sì kù.

Ó jẹun, ó mu omi. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tó bọ́ gbogbo pápá báyìí, ó ní ohun tó ń wá. Kí lò ń wá?”

Àwẹ̀ró sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ ti bàbá rẹ̀ àti ti ọkọ̀. Ó sọ ti bàálù onílà pupa tí òun fi sílẹ̀ tí ọ̀rẹ́ òun sì rà.

Bàbá Akínṣìkú gbé àwo sílẹ̀. “Onílà pupa? Ṣé ìlẹ̀kùn òsì rẹ̀ máa ń le díẹ̀ kí ó tó pa dé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó le.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tí òkun kún bo pápá ìsàlẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi wà nínú omi iyọ̀. Èmi ni wọ́n pè wá wò ó. Mo ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ọ̀dà ni wọ́n wá kùn ún?” Ó mi orí. “Iyọ̀ ti jẹ ẹ́ nínú, ọmọ mi. Àtíkè kì í wo egbò inú.”

Àwẹ̀ró fi ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀. Kò dúró fọ àwo. Ó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá Ògúnmọ́dẹdé dé ìletò rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fi aṣọ rírọ̀ nu ara bàálù náà. Ó sọ ohun tí bàbá náà sọ fún un. Ó ní, “Mo bẹ̀ ọ́, má gbé e fò mọ́. Lọ gba owó rẹ padà.”

Ògúnmọ́dẹdé kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Mo ti ń retí rẹ. Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́.”

“Kí ni yóò dùn mí?”

“O rí i, o fẹ́ ẹ, o jẹ́ kí ó lọ. Ní báyìí, o fẹ́ kí n dá a padà kí o lè lọ rà á lẹ́yìn mi.”

“Ògúnmọ́dẹdé, èmi àti ìwọ?”

“Máa lọ sílé, Àwẹ̀ró.”

Bí wọ́n ṣe pínyà nìyẹn. Àwọn tó ń jẹun nínú àwo kan kò kí ara wọn mọ́. Àwẹ̀ró ní ọ̀rọ̀ yìí dun òun ju ti bàálù tí òun kò rà lọ.

Nígbà tí ó padà dé pápá, Bàbá Akínṣìkú mú un lọ sí ilé páànù kan ní ẹ̀yìn gbogbo ilé tó kù. Bàálù kan wà nínú rẹ̀. Eruku ti bò ó. Àwọ̀ eérú ni, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ń bó. Àwọn ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ síbi ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ lọ. Olùkọ́ kan tí ń kọ́ni ní bàálù wíwà ló ni ín nígbà ayé rẹ̀. Ọdún mẹ́rin nìyí tó ti kú. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ọmọ́tọ̀ṣọ́, ń fẹ́ tà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá wò ó a kàn mi orí, a sì lọ.

Ojú Àwẹ̀ró kò fẹ́ràn bàálù yìí rárá. Ṣùgbọ́n Ìyá Ọmọ́tọ̀ṣọ́ gbé àpótí kan jáde, ìwé bàálù náà sì wà nínú rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Gbogbo àtúnṣe rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀, títí kan èyí tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kú.

Obìnrin náà ní, “Ẹ tú u bí ẹ bá ṣe fẹ́. Kò sí ohun tí mo fi pamọ́.”

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi tú u. Ojú Bàbá Akínṣìkú kò ríran tó mọ́, nítorí náà ọwọ́ Àwẹ̀ró di ojú rẹ̀. Àwẹ̀ró a dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná, a ti ọwọ́ bọ inú bàálù náà dé èjìká. Bàbá a jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Kí lo fọwọ́ kàn?”

“Ó ń dán, Bàbá.”

“Máa lọ síwájú.”

“Ó ṣì ń dán.”

“Yí ọwọ́ rẹ sẹ́yìn irin tó nípọn yẹn.”

“Nǹkan kan wà níbí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ó gé mi lọ́wọ́.”

“Dúró síbẹ̀!” Bàbá ti dìde. “Irin tó di ẹ́ńjìnnì mú nìyẹn. Ó ti sán.”

Àwẹ̀ró fa ọwọ́ yọ, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Bàbá, èyí náà ti bàjẹ́.”

Bàbá Akínṣìkú ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ohun tí ẹlòmíràn ti lò kì í ní àrùn? A ti rí i. Àrùn tí a bá ti mọ orúkọ rẹ̀, ó ti ń múra àtilọ. Lọ wẹ ọwọ́ rẹ kí a máa ṣiṣẹ́.”

Àwẹ̀ró lọ sọ fún Ìyá Ọmọ́tọ̀ṣọ́. Obìnrin náà yọ iye tí irin tuntun yóò gbà kúrò nínú owó bàálù rẹ̀. Ó ní ọkọ òun kò ní fẹ́ kí òun tan ẹnikẹ́ni jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ irin náà. Wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ti gbó. Àwọn tó ń yẹ bàálù wò fún ìjọba wá, wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀dà nìkan ni owó kò tó rà mọ́. Bí ó ti ṣe rí ni Àwẹ̀ró ṣe gbé e lọ sílé.

Ògúnmọ́dẹdé ti dé Etíyanrìn ṣáájú rẹ̀. Onílà pupa ti bà sórí yanrìn, àwọn ènìyàn ti jó yí i ká, wọ́n ti kọrin. Nígbà tí eléérú dé, ẹ̀rín ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Ẹnì kan ní, “Igún ni Àwẹ̀ró rà bọ̀ o!” Ẹnì kejì béèrè bóyá ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un.

Efúnyẹmí kò rẹ́rìn-ín. Ó ti darúgbó nígbà yìí. Ó rìn yí bàálù náà po, ó fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gbá màlúù. Ó ní, “Ṣé yóò gbé ènìyàn dé Òkè-Ìbúdó?”

“Yóò gbé e, Ìyá mi.”

“Yóò ti pẹ́ tó?”

“Bí ẹ bá gbé iṣu kaná bí mo ti ń gbéra, n ó ti dé kí ó tó jinná.”

Efúnyẹmí ní, “Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín nígbà náà.”

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò sí aláìsàn, ẹja gbígbẹ ni Àwẹ̀ró ń gbé lọ sọ́jà, owó rẹ̀ ni ó fi ń ra epo. Ní ọjọ́ tí aláìsàn bá wà, yóò yọ ìjókòó méjì, yóò tẹ́ ẹní. Ó gbé aboyún kan tó ti rọbí fún ọjọ́ méjì. Ó gbé apẹja tí ejò bù jẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dẹ́kun ẹ̀rín. Wọ́n ṣì ń pe bàálù náà ní Igún, ṣùgbọ́n bí ẹni ń pe orúkọ oyè ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún kejì, nígbà òjò, Ògúnmọ́dẹdé gbé ẹrù ẹja ó ń kọjá lórí ọ̀sà. Ọ̀sán ni. Ẹ́ńjìnnì onílà pupa wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dákẹ́. Páìpù tí epo ń gbà kọjá ti jẹrà nínú, ibi tí ojú kò lè dé. Ògúnmọ́dẹdé mọṣẹ́. Kò jẹ́ kí ó ṣubú. Ó darí rẹ̀ sórí ẹrẹ̀ kan nítòsí Etíyanrìn. Ṣùgbọ́n táyà rì, bàálù sì dojú dé. Apá rẹ̀ ya kúrò bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n rí inú irin rẹ̀ nígbà náà: ó ti di ìyẹ̀fun.

Àwọn apẹja fi ọkọ̀ gbé Ògúnmọ́dẹdé wá sí Etíyanrìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, àyà rẹ̀ sì ti fọ́ sínú. Kò lè mí dáadáa. Àwẹ̀ró jáde, ó wò ó. Ó wo yanrìn. Omi ti ń kún. Ó ti gba ìdajì yanrìn náà.

Ẹnì kan ní, “Ẹ gbé e sínú ọkọ̀. Yanrìn yìí kò gba bàálù mọ́.”

Àwẹ̀ró ní, “Kò ní débẹ̀ láàyè nínú ọkọ̀.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó fi ẹsẹ̀ ka ìwọ̀n yanrìn tó kù láti òpin kan dé èkejì, ó ń kà á sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Nígbà tí ó kà á tán, ó yíjú sí wọn. Ó ní, “Bí bàálù bá fúyẹ́, ó tó. Ó kù díẹ̀ kí ó má tó, ṣùgbọ́n ó tó. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde.”

Wọ́n kó ẹja jáde. Wọ́n kó ìjókòó jáde. Wọ́n fa epo jáde títí ó fi ku èyí tí yóò gbé e dé òdìkejì nìkan. Wọ́n tẹ́ Ògúnmọ́dẹdé sínú rẹ̀. Ó la ojú, ó sì rí ẹni tó jókòó níwájú.

“Àwẹ̀ró,” ohùn rẹ̀ kò jáde tán, “fi mí sílẹ̀. Omi ti gba yanrìn. Ìwọ náà yóò kú.”

Àwẹ̀ró ní, “Mo mọ ohun tó wà nínú bàálù mi, láti orí dé ìrù. Ọwọ́ mi ti dé gbogbo rẹ̀. Pa ẹnu mọ́, kí o máa mí.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Eléérú sáré. Omi ń fọ́n sókè ní ọ̀tún àti òsì. Àwọn tó dúró létí omi ní àwọn rí i tí táyà rẹ̀ wọ inú ìgbì, àwọn sì di ojú. Nígbà tí wọ́n la ojú, ó ti wà lókè.

Ògúnmọ́dẹdé kò kú. Oṣù mẹ́ta ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó jáde, ó gba ilé Àwẹ̀ró lọ tààrà. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó. Àwẹ̀ró ní kí ó dìde, ó kọ̀.

Ó ní, “Ifá sọ fún mi, n kò gbọ́. Ìwọ náà sọ fún mi, mo bú ọ. Kí ni kí n ṣe?”

Àwẹ̀ró ní, “Ohun tí wọ́n ní kí o ṣe lọ́jọ́ kìn-ín-ní kò tíì kúrò níbi tó wà.”

Ògúnmọ́dẹdé rú ẹbọ rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún àwọn ará pápá, ọ̀pá wà ní abíyá rẹ̀. Àwẹ̀ró gbà á kí ó máa bá òun wa eléérú ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ó máa tọ́jú owó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà ni ó tó ra tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ó fi tú u wò kí ó tó san kọ́bọ̀. Bàálù méjì ló wá ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà náà, àwọn ìletò tó yí wọn ká sì bọ́ lọ́wọ́ ikú ojú ọ̀nà.

Wọ́n bi Àwẹ̀ró pé kí ni ẹbọ rẹ̀ gan-an. Ó ní ẹyẹlé wà nínú rẹ̀, oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òun kọ ẹ̀yìn sí onílà pupa, ohun tí ojú òun fẹ́ ni òun fi rúbọ, ìyẹn ló sì ṣòro jù.

Ó wá ń yọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awo rẹ̀, àwọn awo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ifá. Ó la ẹnu, orin ló bọ́ sí i lẹ́nu:

Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo dúró gbọ́;
Ẹ yàn án fún mi, mo ru ú;
Ẹni tó gbọ́ tó sì rú, ilẹ̀ gbà á, òkè gbà á;
Ẹni tó kọ̀ lánàá, kí ó rú u lónìí,
Ọ̀nà kò tíì dí.